Ìjà Tọkọtaya Àbí Aya Lílù? Bí Kóòtù Ìbílẹ̀ Ìgbèríko ti Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Ìwà Ipá Inú Ìgbéyàwó

 

Ìfáàrà

N ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé n kì í ṣe amòfin. Ìmọ̀ èdè ni iṣẹ́ mi. Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ òní ni ọ̀rọ̀-ìṣe kéékèèké méjì tí gbogbo wa ń lò lójoojúmọ́: *jà* àti *lù*.

Ní ọjọ́ kan, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn nínú kóòtù ìbílẹ̀ kan ní ìgbèríko. Mo lọ síbẹ̀ láti gbọ́ bí àwọn ènìyàn wa ti í rojọ́, nítorí pé ẹnu ẹlẹ́jọ́ ni a ti í gbọ́ ojúlówó Yorùbá. Wọ́n pe ẹjọ́ obìnrin kan. Ó dìde, ó so gèlè rẹ̀ mọ́dìí, ó ní: "Ó lù mí. Ó lù mí lọ́jọ́ ọjà, lójú àwọn oníbàárà mi. Ó tún lù mí nígbà tí mo wà nínú oyún." Ààrẹ kóòtù, bàbá àgbàlagbà kan tí àánú wà lójú rẹ̀, yíjú sí ọkọ, ó bi í pé: "Kí ni ó fa ìjà yín?"

Nígbà tí kóòtù dìde, mo tọ akọ̀wé lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ka ohun tí ó kọ sílẹ̀ fún mi. Èdè Òyìnbó ni ó fi kọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìjà a máa ṣẹlẹ̀ láàrin tọkọtaya náà lemọ́lemọ́. Láti ẹnu obìnrin náà dé etí ààrẹ, láti etí ààrẹ dé inú ìwé, ẹni tí ó luni ti pòórá. Ìjà nìkan ni ó kù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yé yín lónìí: kóòtù ìbílẹ̀ wa kì í dá ẹjọ́ lílù. Ìgbéyàwó ni ó ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí aya bá wí pé ọkọ ń lu òun, ohun tí kóòtù ń wádìí ni bóyá ìgbéyàwó náà yóò dúró tàbí yóò tú. Lílù fúnra rẹ̀ a gba àárín wọn kọjá láìsí ẹni tí yóò dáhùn fún un.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí kí kóòtù tó dé

Kí Òyìnbó tó dá kóòtù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ní ìpele tí í gbà. Baálé agbo ilé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, ó sì lè dé ààfin. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí kò jókòó láti jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Ìrẹ́pọ̀ ni wọ́n ń wá. Òwe tí wọ́n sì sábà máa ń pa ni pé ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì tún parí rẹ̀, nítorí inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbé.

Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nígbà tí ahọ́n àti eyín bá jà, ta ni í gé ta ni jẹ? Eyín ni í gé ahọ́n jẹ. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, a kò tíì gbọ́ pé ahọ́n gé eyín jẹ.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a tàbùkù ètò àtijọ́. Obìnrin tí ìyà bá pọ̀ jù fún ní ilé ọkọ lè kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, kí ó dá ilémosú. Ìtìjú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ààbò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọkọ bá fẹ́ ìyàwó rẹ̀ padà, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni yóò wá dọ̀bálẹ̀ fún àna, wọn a sì bi í léèrè, lójú gbogbo ilé, ohun tí ọmọ wọn ṣe tí ó fi yẹ fún lílù. Obìnrin náà kò dá nìkan dúró. Agbára ìgbẹ́jọ́ náà kò sí lẹ́nu àgbà nìkan. Ó wà nínú yàrá tí ó ṣófo ní ilé bàbá rẹ̀, tí ó lè sùn sí lóru ọjọ́ náà.

Àbùkù ètò yìí hàn gbangba. Obìnrin tí bàbá rẹ̀ ti kú, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kò ní agbára, tàbí tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń sọ fún un pé ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́, kò ní ibi tí yóò fi orí lé.

Bí kóòtù ti dé

Ojú-irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Abẹ́òkúta kọjá. Òpìtàn kan, Judith Byfield, ti ṣe iṣẹ́ lórí ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láàrin 1892 sí 1904, ó sì fi hàn bí àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú-irin àti àṣẹ àwọn Òyìnbó ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún obìnrin tí ó fẹ́ kúrò nílé ọkọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Lugard ṣe òfin kóòtù ìbílẹ̀ ti 1914. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nígbà àtijọ́, èyí ni kí a tú ìgbéyàwó ká pátápátá, di ohun tí a lè fi owó orí tí a dá padà ṣe.

Àwọn baálé bínú. Ọkùnrin mìíràn ni ó sábà máa ń san owó náà, nítorí èyí wọ́n gbà pé obìnrin tí ó bá lọ sí kóòtù ti ní àlè. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìbéèrè kan tí a ṣì ń gbọ́ títí di òní ti ṣẹ̀. Obìnrin yóò wí pé wọ́n lu òun, wọn a bi í pé: "Ṣé kò sí ọkùnrin kan níta tí ó ń dúró dè ọ́?" Ẹni tí ó wá fi ẹjọ́ sùn ti di ẹlẹ́jọ́.

Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ṣe Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ tirẹ̀ ní 1957. Ní 1958, àṣẹ kan jáde lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá fẹ́ lè gbà wọlé. Àṣẹ náà ka àwọn ohun tí a lè torí rẹ̀ tú ìgbéyàwó, ó sì ka ìwà ìkà, ìyà àti àìbìkítà mọ́ wọn. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òfin ìbílẹ̀ tí a kọ sílẹ̀ kò mọ̀ pé aya lílù burú. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó kọ ọ́ sí ni kí a kíyè sí: ó kọ ọ́ sáàrin ohun tí í tú ìgbéyàwó ká.

Ẹjọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀ wáyé ní 1961. Kóòtù ìbílẹ̀ kan dá obìnrin kan lẹ́bi pé ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin mìíràn nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì tú. Ilé-ẹjọ́ Gíga wọ́gi lé ìdájọ́ náà, nítorí pé Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ wí pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀daràn fún ohun tí a kò kọ sínú òfin. Ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ wa. Panṣágà aya kò sí nínú ìwé òfin ọ̀daràn ti Gúúsù, síbẹ̀ kóòtù rí i bá wí. Lílu ènìyàn wà nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn láti 1916, òfin náà kò sì yọ ọkọ sílẹ̀, síbẹ̀ ojú kóòtù fò ó.

N kò gbọdọ̀ fi àwọn ará wa tí ó wà ní apá Àríwá sílẹ̀. Òfin Ìjìyà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1960 wí, ní abala 55, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí ọkọ bá fi ìyà tọ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà, bí àṣà wọn bá gbà á, tí kò sì ṣe é léṣe púpọ̀. Òfin yìí ni wọ́n fi bá Yorùbá Ìlọrin àti Ọ̀fà lò. Yorùbá kan náà, ìgbéyàwó kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti Ìkìrun rìn dé Ọ̀fà, ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ìhín di ìtọ́sọ́nà ní ọ̀hún.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ kóòtù àti ohun tí kò sí níbẹ̀

Kóòtù ìbílẹ̀ ìgbèríko ní ààrẹ àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí wọ́n jọ ń gbọ́ ẹjọ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe amòfin. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ẹlòmíràn, ìjòyè ni ẹlòmíràn. Ìgbéyàwó tí a ṣe ní ìlànà ìbílẹ̀ ni wọ́n láṣẹ lé lórí. Ẹni tí ó bá fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti ìjọba, Ilé-ẹjọ́ Gíga ni yóò lọ, gẹ́gẹ́ bí òfin 1970 ti là á sílẹ̀.

Kóòtù yìí lè tú ìgbéyàwó. Ó lè sọ ẹni tí ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti iye tí bàbá yóò máa san fún oúnjẹ wọn. Ó lè pàṣẹ fún ọkọ tí a ti kọ̀ pé kò gbọdọ̀ yọ obìnrin náà lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Obìnrin tí ó fẹ́ kí lílù dáwọ́ dúró gbọ́dọ̀ wí pé òun kò ṣe ìgbéyàwó mọ́. Èyí tí kò fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀, èyí tí ilẹ̀ tí ó ń dáko sí jẹ́ ti ọkọ, èyí tí ó ṣì fẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ pàṣán rẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Kóòtù lè tú okùn, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti í di ọwọ́ tí ó ń luni.

Ẹ lè wí pé òfin tuntun ti wà. Òtítọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ lórí ìwà ipá inú ilé ní 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ní 2015, Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2017, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Òfin 2015 ka ọkọ tàbí aya lílù sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí kí a san ₦200,000. Ó tún fún ẹni tí à ń lù láǹfààní láti gba àṣẹ ààbò láìjẹ́ pé ìgbéyàwó tú. Ohun tí mo ń wí gan-an nìyí. Ṣùgbọ́n Àbújá nìkan ni òfin 2015 ti ṣiṣẹ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga ibẹ̀ ni ó sì fi àṣẹ rẹ̀ sí lọ́wọ́. Òfin ń gbé ìgboro, obìnrin ń gbé oko. Kóòtù tí ó wà nítòsí rẹ̀, tí ó ń sọ èdè rẹ̀, tí kò béèrè owó lọ́yà, ni kóòtù ìbílẹ̀. Bí ó bá sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, èsì tí wọ́n sábà máa ń fún un ni pé ọ̀rọ̀ ilé ni, kí ó lọ bá àwọn àgbà.

Bí èdè ti ń bo ọkọ láṣìírí

Ẹ jẹ́ kí n padà sí oko tèmi. Ọ̀rọ̀-ìṣe *lù* ń béèrè olùwà àti àbọ̀: ẹnì kan luni, a lu ẹnì kan. *Jà* kò béèrè àbọ̀. Bí a bá wí pé "wọ́n jà," àwọn méjèèjì ni olùwà, àwọn méjèèjì ni ó sì jọ ni ín. Bí a bá tún sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, tí a wí pé "ìjà wà láàrin wọn," olùwà náà ti lọ. Ìjà wá dà bí òjò tí ó rọ̀ lé àwọn méjèèjì lórí.

Obìnrin pàápàá a máa bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, nítorí ìtìjú. Yóò wí pé: "Ọwọ́ rẹ̀ a máa yá." Ọwọ́ ni olùwà. Yóò wí pé: "Ìyà ń jẹ mí nílé rẹ̀." Ìyà ni olùwà. Nígbà tí ó bá kan ọkọ, yóò wí pé: "Inú ló bí mi." Inú ni olùwà. Bí wọ́n bá tẹnu mọ́ ọn, yóò wí pé: "Èṣù ló tì mí." Ó ti kan Èṣù. Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, a rí ọwọ́, a rí ìyà, a rí inú, a rí Èṣù, ṣùgbọ́n a kò rí ọkọ.

Mo mọ̀ pé èdè kò lu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èdè ni kóòtù fi ń rí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí ó dé iwájú rẹ̀ bá jẹ́ ìjà, ìbéèrè tí ó tọ́ ni "kí ló fà á?" Bí ó bá jẹ́ lílù, ìbéèrè tí ó tọ́ ni "ta ni ó luni, ìgbà mélòó, kí ni ó fi lù ú?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń wá ẹ̀bi àwọn méjèèjì. Èkejì ń wá ẹni tí yóò dáhùn.

Ẹ padà sílé lọ parí rẹ̀

Kóòtù kì í fẹ́ tú ìgbéyàwó lọ́jọ́ kan. A ó sún ẹjọ́ síwájú, a ó ní kí wọ́n lọ bá àwọn ẹbí, kí wọ́n wá jíṣẹ́. Mo ti gbọ́ àlàyé àwọn tí ó ń dá ẹjọ́ wọ̀nyí, àlàyé wọn kò sì ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìbínú ni ó gbé ọ̀pọ̀ wá, bí ó bá rọ̀ wọn a kábàámọ̀. Wọ́n ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni. Gbogbo rẹ̀ ni òtítọ́, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ìjà.

Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá kan náà ni ó wí pé a kì í ti kóòtù dé kí a ṣọ̀rẹ́. Obìnrin tí ó pe ọkọ lẹ́jọ́ ti dójú tì í lójú ìlú. Àgbà tí ó pa òwe yìí mọ ohun tí ó wà nínú ọkọ náà. Báwo ni a ṣe wá mọ òwe yìí tán, tí a sì ní kí obìnrin náà bá ọkọ rẹ̀ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an? Ní ayé àtijọ́, ilé bàbá rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlàjà ti í bá a, ọkọ ni yóò wá síbẹ̀. Kóòtù mú ìlàjà lọ́wọ́ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n kò mú yàrá tí ó ṣófo nì dání. Ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ó fi ààbò wọn sílẹ̀.

Ẹjọ́ obìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá fún un. Mo padà lọ ní ọjọ́ tí ó pé. Akódà kóòtù pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́. Ọkọ náà kò wá. Ààrẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: "Ó dájú pé wọ́n ti parí rẹ̀." Wọ́n fagi lé ẹjọ́ náà, wọ́n pe òmíràn. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìdí tí kò fi wá. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ mi, n kò béèrè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé mi títí di òní, gbogbo àmì ohùn rẹ̀ ni mo sì fi sí i. Mo gba èdè rẹ̀, mo fi í sílẹ̀.

Àbá

N kò wí pé kí a pa kóòtù ìbílẹ̀ rẹ́. Ó súnmọ́ ènìyàn ju kóòtù mìíràn lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá a wí. Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò.

Èkíní, kí akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ olùpẹjọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá tí ó fi sọ ọ́, kí ó tó túmọ̀ rẹ̀. Bí obìnrin bá wí pé "ó lù mí," kí ìwé náà wí pé ọkọ lù ú. Bí ẹjọ́ náà bá dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga ju èyí lọ, ohun tí wọn yóò kà nìyẹn.

Èkejì, kí a tó rán ẹnikẹ́ni lọ sílé láti lọ ṣe ìlàjà, kí ààrẹ béèrè ibi tí obìnrin náà yóò sùn lóru òní, ohun tí ọkọ fi lù ú, àti bóyá ó ti lérí pé òun yóò pa á. Bí èsì bá burú, kí a má ṣe ìlàjà.

Ẹ̀kẹta, kí olùpẹjọ́ tí kò bá wá ní ọjọ́ tí a dá má ṣe jẹ́ ẹ̀rí pé ẹjọ́ ti parí. Kí akódà lọ sílé bàbá rẹ̀, kí ó sì fojú rí i.

Ẹ̀kẹrin, ní ibi tí òfin ìpínlẹ̀ bá ti fi àyè sílẹ̀ fún àṣẹ ààbò, kí kóòtù ìbílẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí òun kò bá lè pa àṣẹ náà, kí ó lè kọ ìwé sí májísíréètì, kí ó sì gbé ẹjọ́ náà lọ fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí ẹni tí ojú rẹ̀ wú máa wá ilẹ̀kùn òfin kiri láti ìlú dé ìlú.

Àgbálọ gbábọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ pé bí a bá fẹ́ mọ olùwà gbólóhùn, a ó béèrè pé: ta ni ó ṣe é? Ìbéèrè tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní gírámà ni. Mo fẹ́ kí àwọn kóòtù wa máa béèrè rẹ̀ nígbàkúùgbà tí obìnrin bá dìde tí ó ní wọ́n lu òun, kí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì kí wọ́n tó béèrè ohun tí ó fà á. Àwọn àgbà tí ó wà lórí àga ìdájọ́ kì í ṣe ọ̀tá obìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọmọbìnrin nílé ọkọ. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí a ti sọ ọ́.